Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn

Ìbọn ni wọ́n kọ́kọ́ pè láti jẹ́rìí.

Akọ̀wé ilé ẹjọ́ gbé e wọlé lórí aṣọ funfun, ó gbé e ka orí tábìlì, ó sì fi àtàǹpàkò tẹ dígí kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí rẹ̀. Iná aláwọ̀ ewé kan tàn. Níbi tí olùjẹ́jọ́ ń dúró sí, Abọ́sẹ̀dé di irin tó wà níwájú rẹ̀ mú ṣinṣin. Ó mọ ohun tó fẹ́ gbọ́. Gbogbo oṣù mẹ́rin tó lò ní àhámọ́ ló fi ń múra sílẹ̀ dè é.

"Èmi ni ìbọn ilé kejìlélógójì, abúlé Ìdí-Ọ̀dán," ni ìbọn náà wí. "Ọwọ́ Màmá Fẹ̀hìntọ́lá ni ìjọba fi mí sí. Ohun tí mo rí àti ohun tí mo gbọ́ nìkan ni màá sọ."

Ohùn ìyá rẹ̀ ni. Gbogbo ìbọn ilé tí ìjọba pín ní ilẹ̀ Òkè-Ògùn ló máa ń kọ́ ohùn olórí ilé, kí àwọn ará ilé má baà bẹ̀rù rẹ̀. Ìyá Abọ́sẹ̀dé ti kú láti ọdún méjì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ fún ìbọn. Ohùn náà há díẹ̀, bí ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ó sì ń fa ìparí ọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyá ṣe máa ń fà á nígbà tó bá ń pe àwọn adìẹ wọlé. Abọ́sẹ̀dé ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohun tí ìbọn ń sọ. Ohùn yẹn nìkan ló ń gbọ́.

"Ọjọ́ wo?" Adájọ́ Oyèníyì béèrè. Obìnrin ni, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, òun ló sì jókòó sáàárín àwọn adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kọjá ìṣẹ́jú méje. Obìnrin yìí já mi kúrò lára ògiri. Mo bi í pé, ta ló ń bọ̀? Ó ní ọkùnrin kan tó mú àdá lọ́wọ́. Mo bi í pé, ṣé ìwọ lo kọ́kọ́ gbé ohun ìjà? Ó ní rárá. Mo wo iwájú, mo rí ọkùnrin náà. Ìgbésẹ̀ mẹ́fà ló kù kó dé ọ̀dọ̀ wa, àdá rẹ̀ sì wà lókè. Mo bi í pé, ṣé ibì kan wà tí o lè sá gbà?"

"Kí ló fi dá ọ lóhùn?"

"Kò dá mi lóhùn. Ó ní, 'Ilé mi nìyí.' Ìgbésẹ̀ mẹ́ta ló wá kù. Mo tú àgádágodo mi. Ó yìn mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

"Kí ló wà lẹ́yìn obìnrin náà?"

"Iwájú nìkan ni ojú mi ń wò. Mi ò mọ ohun tó wà lẹ́yìn."

Lórí àga iwájú, ọkùnrin àgbàlagbà kan jókòó tó gbé fìlà rẹ̀ lé orúnkún. Bàbá Ọ̀jẹ́wálé ni gbogbo Ìdí-Ọ̀dán ń pè é. Ọ̀jẹ́wálé, ọmọ rẹ̀, ni ọkùnrin alàdá tí ìbọn náà pa. Láti ìgbà tí ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀, kò tíì wo ojú Abọ́sẹ̀dé, kò sì wo ojú ìbọn.

Àwọn adájọ́ ní kí wọ́n sinmi fún ogún ìṣẹ́jú.

Yàrá kékeré kan wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn tí ògiri rẹ̀ ń mí atẹ́gùn tútù. Ibẹ̀ ni Lọ́yà Oyèlàràn mú Abọ́sẹ̀dé lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ìjọba ló ń sanwó iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ti ṣe é tọkàntọkàn. Ó bu omi fún un, ó dúró dìgbà tó mu ún tán.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rí yẹn dára fún wa," ó ní. "Ewu ti dé tán, ẹ̀yin kọ́ lẹ dá ìjà sílẹ̀, ìbọn fúnra rẹ̀ ló sì gbà pé kí ẹ yìn ín. Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n á bi yín nípa ilẹ̀kùn ẹ̀yìn."

"Ó ṣí sílẹ̀."

Lọ́yà náà wo ilẹ̀. "Mi ò gbọ́ ohun tí ẹ sọ yẹn. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ká ní orúkọ yín ṣì wà nínú ìwé ilé ni, wọn ò tiẹ̀ ní béèrè. Òfin ò ní kí onílé sá jáde nínú ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti kúrò nílé ju ọdún márùn-ún lọ, wọ́n á pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Ọdún mọ́kànlá lẹ ti lọ. Lójú òfin, àlejò lẹ jẹ́ nínú ilé ìyá yín. Àlejò tó bá sì rí ọ̀nà àsálà, ó gbọ́dọ̀ sá."

"Tí ilẹ̀kùn bá tì ńkọ́?"

"Ó parí nìyẹn. Ẹ ó padà sílé lónìí, wọ́n á kọ orúkọ yín padà sínú ìwé, wọ́n á sì dá ìbọn ìyá yín padà fún yín."

"Pẹ̀lú ohùn rẹ̀?"

"Bó ṣe wà gẹ́lẹ́."

"Tó bá ṣí sílẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n á pa ohùn inú ìbọn rẹ́, torí pé ó ti pa ẹni tí kò yẹ kó pa. Wọ́n á lé yín kúrò ní agbègbè yìí, ó kéré tán ọdún mẹ́ta." Ó gbójú sókè. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹnikẹ́ni ò sí níbẹ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀."

Abọ́sẹ̀dé gbé ife tó ti ṣófo kalẹ̀. Ó ń ro ti ìbọn tí wọn yóò dá padà. Ó ń rò ó pé òun á gbé e kọ́ sára ògiri yàrá, àti pé láàárọ̀, kí òun tó jáde, òun á fọwọ́ tẹ dígí rẹ̀ kó lè bi òun ní ìbéèrè kan, ìbéèrèkíbéèrè.

Lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, nígbà tí òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àwọn ìlú etíkun, ìjọba pàṣẹ pé kí ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ gbígbẹ yọ ẹnì kan fún iṣẹ́ Ògiri Òkun tí wọ́n ń mọ láti dá omi dúró. Àwọn ará ilé Abọ́sẹ̀dé ò pọ̀. Òun àti ìyá rẹ̀ ni. Ẹni ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni nígbà náà. Wọ́n ní ọdún mẹ́rin ni. Nígbà tí ọdún mẹ́rin pé, òkun ò tíì dúró, àwọn náà ò dúró.

Kò sóhun tó ń gbẹ lórí Ògiri. Aṣọ ò gbẹ, ibùsùn ò gbẹ, ọgbẹ́ ọwọ́ ò gbẹ. Iyọ̀ máa ń wà nínú búrẹ́dì, ó máa ń wà nínú irun, ó sì máa ń wà létí ìgò tí èèyàn bá fẹ́ gbé mu. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀ oúnjẹ tí wọ́n á jẹ tí wọ́n bá délé. Ní ti Abọ́sẹ̀dé, eruku ló ń wù ú. Ó ń wù ú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ funfun fún ọyẹ́ títí á fi sán. Ó ń wù ú kó dùbúlẹ̀ lórí ilẹ̀ amọ̀ yàrá ìyá rẹ̀, kó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e, kó sì gbọ́ bí pòròpórò ọkà bàbà ṣe ń dún nínú oko ẹ̀yìnkùlé. Tó bá ti parí iṣẹ́ ọ̀sán, á di ojú rẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nínú ilé náà látọ̀nà jíjìn: á wọlé, á fọwọ́ kan odó, á ṣí fèrèsé tó kọjú sí òkè, á jókòó. Ọdún mọ́kànlá ló fi ń rìn báyẹn, kò sì fọkàn jáde rí. Wíwọlé nìkan ló máa ń wọlé.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn, ó tọrọ àyè láti lọ wò ó. Wọ́n ti sin ìyá fún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún kí èsì tó dé pé wọ́n gbà.

Ọjọ́ tí wọ́n tú u sílẹ̀ níkẹyìn, ó wọ ọkọ̀ ojú irin títí dé ibi tí irin parí sí, ó sì fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Ọ̀sán ló dé. Kọ́kọ́rọ́ wà lábẹ́ ìkòkò níbi tí ìyá rẹ̀ máa ń fi í sí. Ilé náà ń rùn fún àìṣí, nítorí náà ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kí ọyẹ́ lè fẹ́ la inú ilé kọjá. Ó gbálẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ amọ̀ yàrá ìyá rẹ̀. Ó rò pé òun á sunkún, ṣùgbọ́n oorun ló gbé e lọ.

Ìró irin lára irin ló jí i.

Nínú gbọ̀ngàn, lẹ́yìn ìsinmi, àwọn adájọ́ jókòó padà. Adájọ́ Oyèníyì wo ìwé iwájú rẹ̀.

"Kí àwa tó béèrè tiwa," ó wí, "òfin fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ní ìbéèrè kan. Ẹyọ kan ni. Bàbá, ṣé ẹ ó béèrè?"

Ọkùnrin àgbàlagbà náà dìde. Ó pẹ́ kó tó dúró dáadáa. Lọ́yà Oyèlàràn tẹ̀ síwájú, ó sọ sí Abọ́sẹ̀dé létí pé, "Ilẹ̀kùn ló fẹ́ béèrè. Ẹ rántí."

Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kọ́ ni Bàbá Ọ̀jẹ́wálé béèrè.

"Ìbọn sọ ohun tó gbọ́ láti ìgbà tí o ti já a lára ògiri," ó ní. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó wo ojú Abọ́sẹ̀dé. "Ohun tó wà ṣáájú ìyẹn, kò sí ẹ̀rọ tó mọ̀ ọ́n. Ọmọ mi bá ọ sọ̀rọ̀, àbí kò bá ọ sọ̀rọ̀? Tó bá bá ọ sọ̀rọ̀, kí ló sọ? Mo fẹ́ mọ ohun tó sọ kẹ́yìn láyé. Òun nìkan ni mo ní láti béèrè."

Ó jókòó.

Èsì náà wà lọ́wọ́ Abọ́sẹ̀dé. Ó lè ní kò sọ nǹkan kan. Lọ́yà rẹ̀ ń wò ó, ó ń fi ojú bẹ̀ ẹ́ pé kó ní kò sọ nǹkan kan. Ìbọn wà lórí aṣọ funfun, iná rẹ̀ ń tàn pẹ̀lú ohùn ìyá rẹ̀ nínú, kò sì ju ìgbésẹ̀ mẹ́rin lọ sí ibi tó dúró. Ó wo ìbọn, ó wo bàbá náà. Bàbá náà ti tẹ etí rẹ̀ kan síwájú bí àwọn àgbà ṣe máa ń ṣe tí wọn ò bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan bọ́ sílẹ̀.

"Ó bá mi sọ̀rọ̀, bàbá," ó wí.

Lọ́yà Oyèlàràn di ojú rẹ̀.

"Ìró irin ló jí mi. Mo jáde sí iwájú ilé, mo bá a nídìí afami, ẹ̀rọ tí ìyá mi fi ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Ó ń tú u. Àdá wà ní ìbàdí rẹ̀. Ó bẹ̀rù nígbà tó rí mi. Ó ní, 'Ta nìyẹn?' Mo ní ọmọ ilé yìí ni mí. Ó ní, 'Ilé yìí ò lọ́mọ.' Mo pariwo mọ́ ọn, mo ní kó gbé ọwọ́ kúrò lára ohun ìní ìyá mi. Ó yọ àdá. Ṣùgbọ́n kò gbé e sókè, bàbá. Ó dì í mú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní, 'Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ fọwọ́ kàn yín. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yín ṣí sílẹ̀, mo ń rí i láti ibí. Ẹ gba ibẹ̀ lọ. Tí mo bá gbé e tán, ẹ padà wá.' Ohun tó sọ kẹ́yìn nìyẹn."



"Ó pè ọ́ ní ìyá," Bàbá Ọ̀jẹ́wálé wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Ó ní ẹ jọ̀ọ́."

"Kí lo wá ṣe?" Adájọ́ Oyèníyì béèrè.

"Mo sáré wọlé, mo lọ já ìbọn. Nígbà tó rí i lọ́wọ́ mi, ó gbé àdá sókè, ó sì sáré bọ̀. Ẹ̀rù ló bà á. Ẹ̀rù bà mí náà. Tí n kò bá yìn ín nígbà yẹn, ó máa pa mí."

"Ṣùgbọ́n kí o tó já ìbọn, o lè jáde gba ẹ̀yìn."

"Mo lè jáde. Èmi ni mo ṣí i fúnra mi."

"Kí ló dé tí o ò jáde?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni," ó wí. "Wákàtí mẹ́ta péré ni mo tíì lò nínú ilé náà. Mi ò lè tún jáde."

Àwọn adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ̀wé. Bàbá Ọ̀jẹ́wálé tún dìde, akọ̀wé sì ní kó jókòó, pé ìbéèrè rẹ̀ ti pé.

"Kì í ṣe ìbéèrè," bàbá náà wí. "Ó ti sọ tirẹ̀, ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi. Afami tiwa bàjẹ́, ewúrẹ́ mẹ́sàn-án sì kú mọ́ wa lọ́wọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èmi ni mo sọ fún ọmọ mi pé kó lọ tú ti ilé Màmá Fẹ̀hìntọ́lá. Kò fẹ́ lọ. Ó ní ohun olóhun ni. Mo ní ilé yẹn ò lẹ́ni mọ́, pé òkú ò mu omi. Ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde. Mo sì ti gbọ́ lónìí pé ọmọ mi sọ ọ́ fún obìnrin yìí." Ó fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀, ó kọjú sí Abọ́sẹ̀dé. "Mo dúpẹ́ pé o jẹ́ kí n mọ̀ pé kò gbé àdá sókè lákọ̀ọ́kọ́. Gbogbo abúlé ló ń pè é ní apànìyàn."

Ìdájọ́ ò pẹ́. Adájọ́ Oyèníyì kà á láìgbé ohùn sókè.

"Òfin ò sọ pé kí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa káwọ́ gbera kí wọ́n pa á. Nígbà tí Abọ́sẹ̀dé yìn ìbọn, ewu ti dé tán, kò sì sí ohun míràn tó lè dá àdá yẹn dúró. Nítorí náà kì í ṣe apànìyàn. Ṣùgbọ́n òfin fi ìbọn sí ìkẹyìn, lẹ́yìn ìgbà tí ẹsẹ̀ bá ti kọ̀ láti sá. Ọ̀nà wà, wọ́n fi hàn án, ó sì mọ̀ ọ́n. Ilé náà kì í ṣe tirẹ̀ nínú ìwé." Ó jọ pé ọ̀rọ̀ tó kàn ò wù ú kà. "Nínú ọkàn rẹ̀ ńkọ́? Ìwé òfin ò ní ibi tí a lè kọ ìyẹn sí. Kó lọ gbé òdì kejì Odò Ọya fún ọdún mẹ́ta. A ò dá a padà sí Ògiri. Kí wọ́n pa ohùn ìbọn rẹ́."

Akọ̀wé fi àtàǹpàkò tẹ dígí, ó sì dì í mú. Iná aláwọ̀ ewé di pupa, ó kú, ó tún tàn.

"Mo ti ṣe tán láti kọ́ ohùn," ni ìbọn náà wí. Ohùn náà kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni.

Abọ́sẹ̀dé gbọ́ ọ, ó mi orí bí ẹni tí wọ́n jíṣẹ́ fún. Kò sunkún. Lọ́yà Oyèlàràn gbé ọwọ́ lé e léjìká.

Akọ̀wé ṣí ìwé ńlá kan. "Ó ku ọ̀rọ̀ ilé," ó wí. "Ilé kejìlélógójì, Ìdí-Ọ̀dán. Kò sí olórí ilé, kò sí orúkọ nínú rẹ̀. Òfin ní tí ará abúlé kan bá lè máa wá lọ́dọọdún láti sọ níwájú wa pé à ń retí ẹni tó lọ, wọ́n á tọ́jú ilé náà dè é, wọ́n á sì kọ orúkọ rẹ̀ padà sínú ìwé. Tí kò bá sí, ilé náà á di ti ìlú lónìí. Ǹjẹ́ ẹnì kan wà?"

Lọ́yà Oyèlàràn kì í ṣe ará Ìdí-Ọ̀dán. Àwọn mélòó kan láti abúlé wà ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n wo ara wọn. Ọdún mọ́kànlá ti pọ̀ jù, àwọn míràn nínú wọn ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n. Akọ̀wé gbé kálámù.

"Dúró ná," Bàbá Ọ̀jẹ́wálé wí.

Ó rìn wá síwájú díẹ̀díẹ̀, ó ti gbàgbé fìlà rẹ̀ sórí àga. Abọ́sẹ̀dé kúnlẹ̀ nígbà tó rí i pé ọ̀dọ̀ òun ló ń bọ̀. Bàbá náà ò fọwọ́ kàn án.

"Má rò pé mo ti dárí jì ọ́," ó wí. "Mi ò mọ̀ bóyá mo lè ṣe é, mi ò sì fẹ́ parọ́ níbi tí ìwọ ti sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n mo ti sọ nígbà kan pé ilé yẹn ò lẹ́ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ló pa ọmọ mi. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún rí ìdí tí á fi sọ ọ́." Ó kọjú sí akọ̀wé. "Kọ orúkọ mi. Èmi ni màá máa wá."

"Bàbá, orúkọ ẹni tí ẹ ó máa retí ńkọ́, báwo ni kí n ṣe kọ ọ́?"

Bàbá náà ronú. "Wọn kì í fi orúkọ ìwé retí èèyàn," ó wí. Ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ sí ibi tí obìnrin náà kúnlẹ̀ sí. "Kí ni ìyá rẹ máa ń pè ọ́?"

Láti ọdún mọ́kànlá, kò sí ẹni tó pè é bẹ́ẹ̀ mọ́.

"Àwẹ̀ró," ó wí.

"Kọ ọ́ sílẹ̀," Bàbá Ọ̀jẹ́wálé wí fún akọ̀wé. "Àwẹ̀ró. À ń retí rẹ̀."